Ìwé àti Bọ́ọ̀lù Kì Í Ṣe Eku Méjì

Bí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bá ti délẹ̀ láàárín òbí àti ọmọ, òwe kan wà tí kì í pẹ́ yọjú: ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Bàbá á pa á, ìyá á gbè é lẹ́sẹ̀, olùkọ́ tó bá wà nítòsí á mirí pé òótọ́ ni. Ọmọ á ká bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù, á tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, èmi kò bá òwe jà. Ta ni mí? Ibi tí ẹ ń lò ó sí ni mo ń bá yín fà. Ta ló kọ́kọ́ pinnu pé eku méjì ni ìwé àti bọ́ọ̀lù?

Ọmọ England kan ni mo fẹ́ pè ní ẹlẹ́rìí. Oghenemaro Itoje ni orúkọ rẹ̀, Maro ni gbogbo ayé ń pè é. Bọ́ọ̀lù rọ́gíbì ló ń gbá. Wọ́n bí i ní Camden nílùú London, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1994. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá àti ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ wá oríkì rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ tàbí Ìjẹ̀bú: Oghene tó ṣáájú orúkọ rẹ̀ yẹn, Ọlọ́run ló ń jẹ́ lédè Urhobo àti Isoko, lọ́hùn-ún ní ìpínlẹ̀ Delta. Ní ọdún 2025, òun ni balógun ikọ̀ British and Irish Lions tó lọ borí Ọsirélíà nílé wọn, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò náà láti ìgbà tí wọ́n ti dá ikọ̀ náà sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbọ́ “ọmọ wa ni” lẹ́nu ẹni tí kò wo rọ́gíbì rí láyé rẹ̀. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́.

Kì í ṣe balógun ọdún 2025 ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó wà láàárín ọdún mọ́kànlá sí ọdún méjìlélógún ni mo ń wò, nítorí ibẹ̀ ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ wà, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń pa irọ́ fún wa. Oríṣi ènìyàn méjì ni mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀bùn àbínibí ni, pé ọmọ Áfíríkà lágbára lára, kò sí ohun tó fi kọ́. Àwọn mìíràn ní, “Ẹ ò rí i bí? Ẹ yọ ọmọ yín kúrò nílé ìwé kó lọ gbájú mọ́ bọ́ọ̀lù, owó ńlá wà níbẹ̀.” Ó dá mi lójú pé nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó tọ ìtàn náà dé ìdí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe, torí ọ̀pọ̀ wa ló rò pé ìjà ìgboro tí wọ́n sọ bọ́ọ̀lù sí láàárín ni rọ́gíbì. Ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ọgọ́rin ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń gbá a. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí bí ẹyin, wọn kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ jù ú síwájú, ẹ̀yìn nìkan ni. Nọ́ńbà 4 tàbí 5 ni Itoje sábà máa ń wọ̀, ipò tí wọ́n ń pè ní lock. Gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì. Ẹni tó bá rí i lókèèrè á ní agbára ni gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá jáde kúrò lórí pápá. Àwọn géńdé ikọ̀ méjèèjì á tò sí ìlà méjì, wọ́n á kọjú sí ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù wọlé. Lineout ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹni náà gbọ́dọ̀ jù ú gba àárín gbùngbùn ìlà méjèèjì, kò gbọdọ̀ tẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tirẹ̀. Kí ó tó jù ú, ẹnì kan nínú ikọ̀ rẹ̀ á pe àṣírí kan, bóyá nọ́ńbà, bóyá ọ̀rọ̀ lásán, tí àwọn nìkan mọ ìtumọ̀ rẹ̀: ta ni yóò fò, níwájú ni tàbí láàárín tàbí lẹ́yìn, àwọn méjì wo ni yóò gbé e sókè, ta ni yóò kàn díbọ́n. Gbogbo èyí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, nínú ariwo ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹwòran. Àṣírí náà sì ń yí padà láti ìdíje kan sí èkejì. Ikọ̀ kejì náà kò sùn. Wọ́n ń wo ẹsẹ̀, wọ́n ń wo ojú, wọ́n ń rántí ohun tí àwọn wọ̀nyí ṣe nínú fídíò tí wọ́n wò láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n ń méfò. Ẹni tí èfò rẹ̀ bá bọ́ sí i, òun náà á fò, á jí bọ́ọ̀lù gbé lókè kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín.

Olè jíjà yìí gan-an wà nínú ohun tí Itoje fi gba orúkọ láti kékeré. Ní ọdún 2016, ẹni tó ń pe àṣírí fún wọn ní Saracens àti ní England ni ẹnìkejì rẹ̀ nípò lock, George Kruis, ọkùnrin tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ẹni tó máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láti ka ìrìn àwọn alátakò. Ẹ fún ìyẹn ní orúkọ tó bá wù yín. Èmi pè é ní ìwé kíkà. Ẹni tó bá ní agbára lásán ni ọmọ Áfíríkà fi ń ṣe irú iṣẹ́ báyìí, ó ń bú wa ni, kódà bí ó bá rò pé òun ń yìn wá.

Ọ̀rọ̀ àbínibí náà ńkọ́? A máa ń sọ pé ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Itoje kò bẹ̀rẹ̀ rọ́gíbì títí ó fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ìgbà tó wọ ilé ìwé St George's ní Harpenden, ìlú kékeré kan ní ìhà àríwá London. Ní England, níbi tí ọmọ ọdún mẹ́fà méje ti ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí kílọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹni tó pẹ́ dé ni. Kò sì kọjú sí rọ́gíbì nìkan. Ó ń gbá basketball. Ó ń ju irin roboto tí wọ́n ń pè ní shot put, débi pé ó ṣojú England nínú rẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́. Eré mẹ́ta, pẹ̀lú iṣẹ́ kíláàsì. Bí òwe yẹn bá rí bí ẹ ṣe ń lò ó, eku mẹ́rin ni ọmọ yìí ń lé, kò sì yẹ kí ó padà wálé pẹ̀lú ìrù kan ṣoṣo.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ̀yin òbí fara balẹ̀ gbọ́ mi nìyí. Kí ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣe? Ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n, a mọ ìṣe ara wa. Kì í ṣe torí kí ọmọ wọn lè máa yí gbirigbiri nínú ẹrẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé ìlú òyìnbó. Itoje fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba pé ìwé ni wọ́n fi ṣáájú nílé àwọn, pé bí ìwé bá ń lọ dáadáa ni rọ́gíbì fi ráyè. Òfin líle ni. Ṣùgbọ́n àdéhùn yàtọ̀ sí ìfòfindè. Òbí tó ní “bí o bá ṣe èyí, wàá ṣe ìyẹn” ti ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀, ọmọ sì mọ iye tí yóò san kí ó tó gba ibẹ̀ kọjá. Òbí tó ní “bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ wọ ilé yìí” ti kan ilẹ̀kùn pa, ọmọ á sì wá ojú fèrèsé. Àdéhùn yẹn fún ọmọ ní ìdí láti kàwé, irú ìdí tí ẹgba kò lè fún un. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín rò pé ẹ̀yin náà ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ẹ tún un wò. Ṣé ìgbà kan wà rí tí ọmọ yín ṣe tirẹ̀, tí ẹ̀yin náà sì ṣe tiyín?

Ní ọdún méjì tó gbẹ̀yìn ẹ̀kọ́ girama, ó gba ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ wọ Harrow, ilé ìwé àwọn ọlọ́lá tí Winston Churchill lọ. Saracens ti rí i nígbà náà, ó ti wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń tọ́. Nígbà tó sì di pé bọ́ọ̀lù ti di iṣẹ́ tó ń gbowó lé lórí, ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ìbá ti ju ìwé dànù, ó wọ SOAS, ẹ̀ka Yunifásítì London tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òyìnbó ní èdè Yorùbá tipẹ́tipẹ́. Ẹ̀kọ́ òṣèlú ló lọ kọ́. Ohun tí òṣèlú fẹ́ ṣe fún ẹni tó ń jí bọ́ọ̀lù gbé nínú lineout, èmi ò mọ̀, bóyá òun náà kò mọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ ló gbọ́dọ̀ wúlò lọ́la.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí eku kejì ń ṣe ní gbogbo ìgbà tí ó ń lé ti àkọ́kọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, Itoje ni balógun ikọ̀ England ti àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì ju ogún ọdún lọ, nínú ìdíje àgbáyé tó wáyé ní New Zealand. Ní Eden Park, wọ́n fi àmì kan ṣoṣo borí Gúúsù Áfíríkà, 21 sí 20, wọ́n sì gba ife. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, kò ju ọmọ ogún ọdún lọ nígbà tó jẹ́ balógun fún Saracens nínú àṣekágbá LV= Cup, tí wọ́n na Exeter 23 sí 20. Àwọn tó ń pàṣẹ fún lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n ni ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ fún un.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n já a kulẹ̀. England fẹ́ gbàlejò ife àgbáyé ọdún 2015, wọ́n pè é sí ibùdó ìgbaradì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń dín àwọn ènìyàn kù, wọ́n ní kí ó máa lọ sílé. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n lé England jáde ní ìpele àkọ́kọ́, nílé ara wọn. Mo máa ń ronú sí ìgbà yẹn ju àwọn ife lọ. Ọmọ ogún ọdún tí bọ́ọ̀lù nìkan jẹ́ gbogbo ayé rẹ̀, tí wọ́n wá sọ fún un pé kò tíì tó, ibo ni yóò gbé orí sí? Itoje ní ibòmíràn tó lè gbé e sí. Ó ní kíláàsì tí wọ́n ti ń dúró de iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí kò ti sí ẹni tó bìkítà bóyá ó wọ ikọ̀ tàbí kò wọ̀ ọ́.

Eddie Jones, akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun tí England gbà lẹ́yìn ìtìjú náà, sọ fún àwọn oníròyìn pé Vauxhall Viva ṣì ni ọmọ náà, pé àwọn fẹ́ sọ ọ́ di BMW. Fún ẹni tí kò bá mọ Viva, mọ́tò kékeré kan báyìí ni, tí kò sí ẹni tó máa ń fi yangàn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2016, Viva náà wọlé láti orí bẹ́ǹṣì ní Rome, nínú ìdíje pẹ̀lú Ítálì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó bẹ̀rẹ̀ ìdíje pẹ̀lú Ireland. Nígbà tí wọ́n gbá a pẹ̀lú Wales, òun ni wọ́n mú ní ẹni tó dára jù lọ lórí pápá. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta, ní Paris, England na Faransé, wọ́n sì parí ìdíje Six Nations láìpàdánù ẹyọ kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é láti ọdún 2003. Ní oṣù karùn-ún, ní Lyon, Saracens na Racing 92 pẹ̀lú àmì 21 sí 9, wọ́n gba ife Yúróòpù fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sì fi Itoje ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Yúróòpù lọ́dún náà. Ní oṣù kan náà, wọ́n gba ti Premiership kún un. Ní oṣù kẹfà, England lọ na Ọsirélíà lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn nílé wọn. Kí ọdún tó parí, ìgbìmọ̀ rọ́gíbì àgbáyé fún un ní àmì-ẹ̀yẹ ẹni tuntun tó tayọ.

Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ nínú ọdún kan ṣoṣo, ọdún tí ó ṣì ń kọ àròkọ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní SOAS. Ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Lions lọ sí New Zealand, òun ló kéré jù lọ nínú ikọ̀ náà, àwọn òǹwòran sì ń fi orúkọ rẹ̀ kọrin. Ọmọ ọdún méjìlélógún.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, àwọn ọmọkùnrin méjì kan kò kúrò lọ́kàn mi. A jọ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé girama ni. Ẹni àkọ́kọ́ mọ ọ̀kọ̀ jù débi pé olùkọ́ tó ń wọn ibi tí ọ̀kọ̀ rẹ̀ bọ́ sí máa ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ní tẹ́ẹ̀mù kan, ó bọ́ láti ipò kẹfà sí ipò kọkànlá. Bàbá rẹ̀ fi ọ̀bẹ gé kánfáàsì rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ níwájú àwọn àbúrò rẹ̀, ó ní láti òní lọ, ìwé nìkan. Ǹjẹ́ ó padà sí ipò kẹfà? Ipò kọkàndínlógún ló gbé wálé ní tẹ́ẹ̀mù tó tẹ̀ lé e. Àkókò tó ń lò lórí pápá kò lọ sọ́dọ̀ ìwé o, fóònù ló gbà á. Lónìí, ó mọ iye tí wọ́n ń san lé kílọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní England lórí tẹ́tẹ́, òun tí kò fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ mọ́.

Ẹnì kejì mọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ọkùnrin kan wá bá ìyá rẹ̀, ó ní òun ní akádẹ́mì, pé òun á mú un dé Yúróòpù, ṣùgbọ́n kò ní lè máa lọ sílé ìwé. Ìyá ta fíríìsà tó fi ń ta omi àti ẹja tútù, ó san owó, ọmọ fi SS1 sílẹ̀. Oṣù karùn-ún kò tíì pé tí nọ́ńbà ọkùnrin náà kò fi wọlé mọ́. Ojú ti ọmọ náà láti padà jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú àwọn àbúrò wa. Ó ń kọ́ṣẹ́ fọkanáísà báyìí. Kì í ṣe iṣẹ́ tó burú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yàn án.

Bàbá ọmọ kìíní àti ìyá ọmọ kejì, bí ẹ bá jókòó tì wọ́n, wọn kò ní fohùn ṣọ̀kan lórí ohunkóhun. Ọ̀kan kórìíra bọ́ọ̀lù, èkejì fi fíríìsà rẹ̀ rà á. Síbẹ̀ òwe kan náà ni wọ́n gbà gbọ́. Àwọn méjèèjì ló rò pé eku méjì ni, àwọn méjèèjì ló yan ọ̀kan, àwọn méjèèjì ló sì pòfo.

Mo mọ ohun tí wọ́n á sọ. Wọ́n á ní England nìyẹn, níbi tí koríko pápá ti máa ń tutù yọ̀yọ̀, pé ta ló fẹ́ fi Harrow wé ilé ìwé wa. Òótọ́ ni, mi ò sì ní tan ara mi: ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọpọlọ àti ara bíi ti Itoje ló wà ní London gan-an tí Harrow kò pè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Harrow ló ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwé ìjọba ni St George's, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kì í ṣe fún owó, owó ibùgbé ni òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa gbé ibẹ̀ ń san. Ohun tí ibẹ̀ ní tí a kò ní kì í ṣe owó nìkan. Ní ibẹ̀, eré ìdárayá wà lára ẹ̀kọ́, ó ní àkókò tirẹ̀, kò sí ẹni tó ń jí i gbé. Àwa náà ní pápá nígbà kan. Ìdajì rẹ̀ ti di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń gba owó iyàrá lé lórí, ìdajì tó kù ni wọ́n ń gbé mọ́tò sí nígbà ìpàdé òbí. Kì í ṣe òṣì ló ṣe ìyẹn. Àwọn kan jókòó, wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìhà kejì, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé bọ́ọ̀lù nìkan ti tó, ẹ má rò pé mo gbàgbé yín. Láàárín oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 sí oṣù kẹfà ọdún 2023, kílọ́ọ̀bù mẹ́ta nínú àwọn àgbà kílọ́ọ̀bù rọ́gíbì England ni gbèsè wó lulẹ̀: Worcester, Wasps, London Irish. Kì í ṣe ikọ̀ àdúgbò ni wọ́n. Wasps ti gba ife Yúróòpù lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn agbábọ́ọ̀lù jí lọ́jọ́ kan, wọn kò níṣẹ́. Saracens tí Itoje wà, òun náà kò mọ́: wọ́n ná owó oṣù kọjá iye tí òfin gbà, wọ́n sì tì wọ́n sí ìpele ìsàlẹ̀ ní ọdún 2020. Bí ilé ńlá bá lè wó báyìí, kí ni akádẹ́mì tí kò ní ju fóònù ọkùnrin kan lọ?

Ọ̀dọ́ kan wà ní Wasps nígbà tó wó. Immanuel Feyi-Waboso ni, Cardiff ni wọ́n bí i sí ní ọdún 2002, ẹbí tirẹ̀ náà sì tan mọ́ Nàìjíríà. Ó kó lọ sí Exeter, ó ń gbá rọ́gíbì fún Exeter Chiefs, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní yunifásítì ìlú náà. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó wọ aṣọ England fún ìgbà àkọ́kọ́. Rome ni, pẹ̀lú Ítálì, láti orí bẹ́ǹṣì, bíi ti Itoje ní ọdún mẹ́jọ ṣáájú. Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ní ẹ̀kọ́ dókítà kò gba eré mọ́ra.

Nígbà tí Itoje sì lówó lọ́wọ́, ẹ wo ibi tó ń ná an sí. Ní ọdún 2021, ó kó iṣẹ́ ọnà Áfíríkà jọ fún ìpàtẹ kan ní London, nítorí inú rẹ̀ kò dùn sí bí ìtàn wa kò ṣe sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé. Ó tún dá Pearl Fund sílẹ̀, láti ran àwọn ọmọ tí òbí wọn kò ní lọ́wọ́ kí wọ́n lè kàwé níbí ní Nàìjíríà. Agbábọ́ọ̀lù ló ń san owó ilé ìwé o, ẹ̀yin tí ẹ ní olódo ló ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀dọ̀ yín ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mi sí. Lórí tábìlì àkókò tí ẹ lẹ̀ mọ́ ara ògiri kíláàsì wa, ọjọ́ Rú, lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán, a kọ “Eré Ìdárayá” sí i gàdàgbà. Láti ìgbà tí mo ti wọ SS1, ẹ̀ẹ̀mẹta péré la ti jáde. Ní gbogbo ìyókù, ẹnì kan á wọlé, á ní òun kò tíì parí sílébọ́ọ̀sì òun, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sójú pátákó fún ogójì ọmọ tó ti ń tòògbé. Ẹ dá ọjọ́ Rú wa padà. Àwa náà á gbé iṣẹ́ àṣetiléwá ìṣirò wá láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí ẹ tó béèrè. Lọ́sẹ̀ tí a kò bá gbé e wá, ẹ gba bọ́ọ̀lù náà lọ́wọ́ wa.